Ẹ̀rọ Géèmù Tí Ilé Iṣẹ́ Ohun Ìjà Ṣe

Morskoi Boi ni ẹ̀rọ géèmù tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe ọmọdé ní Sófíẹ̀tì láàárín 1975 sí 1990 máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe bá délẹ̀. Ogun ojú òkun ni wọ́n fi ń ṣeré nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò ní ojú tẹlifíṣọ̀n kankan. Àpótí gíga kan ni, tí awò bíi ti ọkọ̀ ogun abẹ́ omi yọ síta níwájú rẹ̀. Ọmọ á ju kópẹ́kì 15 sínú ihò owó, á gbé ojú lé rọ́bà ẹnu awò, á sì rí òkun lọ rẹrẹẹrẹ pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán.

Dígí ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ère ọkọ̀ kéékèèké ni mọ́tò iná ń wọ́ kọjá nínú àpótí, dígí á wá mú kí ó dà bí ohun tó wà lọ́nà jíjìn. Bí ọmọ bá tẹ bọ́tìnnì, àwọn gílóòbù tó tò tẹ̀léra á máa tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣáájú á tàn bí ti ẹ̀yìn bá kú, títí ojú á fi gbà pé ohun ìjà ló ń sáré lọ lábẹ́ omi. Ìrìn yẹn gba àkókò. Ẹni tó bá yìn ín sí ibi tí ọkọ̀ wà gan-an kò ní bà á. Iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ń yìn ín sí, kí méjèèjì lè pàdé. Bó bá bà á, iná pupa á bù yẹ̀rì, ọkọ̀ á sì pòórá. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni owó náà jẹ́ kí ọmọ yìn. Ẹni tí kò bá tàsé rárá á tún ṣeré díẹ̀ sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀bùn rẹ̀ náà nìyẹn.

Ọgbọ́n yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Rọ́ṣíà. Ilé iṣẹ́ Sega ti gbé Periscope jáde ní Japan ní 1966, ilé iṣẹ́ Midway sì ṣe Sea Raider ní Amẹ́ríkà ní 1969. Ní 1971 ni ìpàtẹ ńlá kan, Attraktsion-71, kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè wá sí Moscow. Èrò wọ́ lọ síbẹ̀, ìjọba náà sì pinnu pé kí àwọn ṣe tiwọn. Àwọn ilé iṣẹ́ ohun ìjà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, torí ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn tó mọ̀ nípa iná, awò àti mọ́tò pọ̀ sí. Ohun tí ìjọba ń retí ni kí eré náà kọ́ ojú àti ọwọ́ ọmọ.

Bó ṣe di pé oríṣiríṣi ẹ̀rọ tẹ̀lé e nìyẹn. Snaiper jẹ́ ti ìbọn yíyìn, Magistral jẹ́ ti ọkọ̀ wíwà. Nínú Tankodrom, ọkọ̀ ogun kékeré gidi ni ọmọ ń wà káàkiri orí pápá tó wà lábẹ́ gíláàsì. Èyí tó jọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà jù lọ ni Repka, tí wọ́n mú nínú àlọ́ bàbá àgbà tó gbin ewébẹ̀ oníṣu kan tí apá rẹ̀ kò ká láti fà tu. Ọmọ á fa ọwọ́ irin, ẹ̀rọ á sì fi hàn bóyá agbára rẹ̀ tó ti eku, ti ológbò, tàbí ti bàbá àgbà fúnra rẹ̀.

Ilé sinimá, ọgbà ìgbafẹ́ àti àgọ́ ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n ń gbé wọn sí. Kópẹ́kì 15 kò kéré lọ́wọ́ ọmọdé: kópẹ́kì 5 ni owó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ nígbà náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń dúró lẹ́yìn ẹni tó ń ṣeré, tí wọ́n ń wòran, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ.

Nígbà tí Sófíẹ̀tì tú ká ní 1991, kópẹ́kì 15 yẹn kò ra nǹkan kan mọ́, géèmù ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n sì gbòde. Ààtàn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà bá lọ, àdánù ńlá sì ni, torí iṣẹ́ ọwọ́ àtàtà ni wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ní Moscow, tí wọ́n fẹ́ tún fojú kan Morskoi Boi, ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó kù kiri inú ọgbà ìgbafẹ́ àtijọ́. Ní 2007, wọ́n ṣí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí abẹ́ ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń fún àlejò ní kópẹ́kì 15 mélòó kan kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣeré. Ẹ̀ka St Petersburg tẹ̀lé e ní 2013. Àtúnṣe ló ṣòro jù fún wọn: kò sí ẹni tó ń ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà mọ́, lára èyí tó ti kú ni wọ́n ti ń tú ohun tí wọ́n fi ń jí òmíràn.