Sòbìà ní Ìdèrè: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ lórí Ìdarí Ètò Ìlera ní Ìlú Kékeré

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Bí òwe yìí ti wọ́pọ̀ tó, ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: ta ni ó yẹ kí ó darí ètò ìlera ní ìlú tí ó jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá? Ṣé dókítà tí ó ti ìgboro wá ni, àbí àwọn ará ìlú fúnra wọn? Iṣẹ́ yìí gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè náà nípa ṣíṣe àgbéyẹ̀wò bí a ṣe kojú àrùn sòbìà ní ìlú Ìdèrè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Èrò wa ni pé ìtàn náà wúlò fún olùkọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú ńlá ni Alímòṣọ́ ti dà lónìí.

2. Ìbàràpá àti Yunifásítì Ìbàdàn

Ìdèrè jẹ́ ọ̀kan nínú Ìbàràpá méje; àwọn yòókù ni Igbó-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀, abúlé àti ahéré wọn sì fọ́n káàkiri oko. Lọ́dún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera àwùjọ sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà, kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lè máa gbé láàrin ará oko, kí wọ́n sì rí ibi tí àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Irú èrò báyìí ti wà ṣáájú. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà gbé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń darí rẹ̀. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú káàdì tí ìyá ọmọ ń mú lọ sílé.

Ní Ìdèrè, ní òpin àwọn ọdún 1970 àti ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí Joshua Adeniyi àti William Brieger wà lára wọn, bá àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ lórí sòbìà.

3. Bí sòbìà ṣe ń ranni

Omi adágún àti odò tí kò ṣàn ni sòbìà ti ń wá. Bí ẹni tí aràn ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá wọ inú omi, aràn náà yóò tú àìmọye ọmọ sínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú omi yóò gbé àwọn ọmọ aràn náà mì. Ẹni tí ó bá bu omi náà mu ti gbé kòkòrò àti aràn mì pọ̀. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni aràn tí ó gùn tó ìdajì mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò lu awọ jáde, lẹ́sẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ojú ibẹ̀ yóò máa ta bí iná, èyí ni ó sì ń mú kí aláìsàn wá omi tútù ti ẹsẹ̀ bọ̀. Báyìí ni àrùn ṣe ń padà sínú omi.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí ń pa á nínú ara. Ohun tí a lè ṣe ni kí a fi aṣọ sẹ́ omi mímu, kí a má jẹ́ kí aláìsàn wọ omi, kí a fi oògùn pa kòkòrò inú adágún, tàbí kí a gbẹ́ kànga tí ó dára.

4. Ohun tí àwọn ará ìlú mọ̀

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìdèrè ni pé ara gbogbo ènìyàn ni sòbìà wà láti ìgbà ìbí, ohun kan ni ó kàn ń jí i. Ẹni tí ó bá yára pe èyí ní àìmọ̀kan kò tíì rò ó jinlẹ̀. Ọdún kan ni ó wà láàrin omi tí a mu àti aràn tí ó yọ. Ta ni yóò rántí omi èṣí? Yàtọ̀ sí èyí, ilé kan náà ni a ti ń mu omi, ẹnìkan á ní sòbìà, ẹnìkejì kò ní ní in. Ohun tí ojú rí ni àwọn ènìyàn fi ro èrò wọn.

Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ìlera tí ó kàn wí pé 'omi yín kò dára' kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá bu omi adágún sínú ìgò tí ó mọ́ gaara, tí ó gbé e sójú oòrùn, tí àwọn ènìyàn rí ohun tí ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú rẹ̀, tí ó wá fi aṣọ sẹ́ ẹ lójú wọn, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

5. Ìdarí láti inú ìlú

Wọ́n kọ́ àwọn ará ìlú tí wọ́n yọ̀ọ̀da ara wọn ní iṣẹ́ ìlera. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan aṣọ àsẹ́, àwọn aránṣọ ìlú ni ó rán an, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọ̀nyí ni ó sì ń tà á fún aládùúgbò wọn. Èrè mẹ́ta ni ó wà nínú ètò yìí. Èkíní, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mọ ìtumọ̀ tí sòbìà ní lẹ́nu àwọn ènìyàn rẹ̀. Èkejì, ó ń gbé ibẹ̀, nítorí náà ó lè padà wò bóyá wọ́n ń lo àsẹ́. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ kò ní dúró nígbà tí mọ́tò yunifásítì bá padà sí Ìbàdàn.

Àwọn kan lè sọ pé ọgbọ́n tí ìjọba fi ń sá fún ojúṣe rẹ̀ nìyí. Òótọ́ wà nínú àtakò yìí. Olùyọ̀ọ̀da-ara-ẹni náà ní oko tí ó ń ro. Aṣọ àsẹ́ kò sì lè di kànga. Ìtàn orílẹ̀-èdè wa fi hàn pé apá méjèèjì ni a nílò. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera (1985–1992), ètò ìlera alábọ́dé bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìkànìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1988 fi hàn pé ó lé ní 650,000 ènìyàn tí sòbìà ń bá jà ní Nàìjíríà. Àjọ Carter Center, UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ran ìjọba lọ́wọ́. Ọ̀gágun Yakubu Gowon rin ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ láti bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ omi. Àwọn olùyọ̀ọ̀da-ara-ẹni ní abúlé ń ka aláìsàn, wọ́n sì ń jábọ̀. Ẹni tí ó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà jẹ́ ti ọdún 2008. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kúrò nílẹ̀ wa.

6. Ohun tí ó kan olùkọ́ ní Alímòṣọ́

Ilẹ̀ Àwórì ni Alímòṣọ́. Gẹ́gẹ́ bí ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba ńlá sì wà ní Ìgàndò. Síbẹ̀, kì í ṣe ibùsọ̀ nìkan ni ó ń mú ènìyàn jìnnà sí ìtọ́jú. Ilé tí kànga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá, tí ó sì ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, jìnnà sí ìlera bí ó tilẹ̀ ń wo òrùlé ilé ìwòsàn. Àrùn onígbáméjì tí ó jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2024 jẹ́rìí sí èyí.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni a dábàá fún akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn ọmọ àti òbí gbà gbọ́ nípa àìsàn, kí ó tó kọ́ wọn. Kí ó fi omi àdúgbò gan-an ṣe ẹ̀kọ́, kì í ṣe àwòrán inú ìwé nìkan. Kí ó sì máa ka ìwé ìpè ọmọ bí ẹni tí ń ka ìròyìn ìlera: ní Ìbàràpá, sòbìà ti fìgbà kan rí jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń dá ọmọ dúró sílé, olùkọ́ ni ó sì kọ́kọ́ ń rí àga tí ó ṣófo.

7. Ìkádìí

A ti fi hàn pé ní Ìdèrè, ìdarí ètò ìlera kò dá lé ẹni tí ó ní ìmọ̀ jù lọ nìkan. Onímọ̀ mú ẹ̀rí wá, ará ìlú mú òye àti ìdúróṣinṣin wá, ìjọba ni ó sì yẹ kí ó mú omi wá. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àrùn yóò rí ọ̀nà padà. Olùkọ́ ni ó dúró níbi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé, nítorí náà ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ ní àyè tirẹ̀ nínú ìfìdánrawò ìkọ́ni ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa.