Omi adágún ẹja: ẹ dán an wò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Bàbá kan ní adágún ẹja lẹ́yìn ilé rẹ̀. Epìyà ló ń sìn. Lójoojúmọ́ ló ń fún wọn ní èérí, tó sì ń da ìgbẹ́ adìẹ sínú omi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ọ̀pọ̀ ẹja tó ti kú lójú omi. Ó ní: “Aládùúgbò mi ló da oró sí i.” Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò kí ara wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó da oró sí i.

Kí ló pa ẹja náà?

Ẹja ń mí bíi tiwa. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi ni epìyà ń mí. Àwọn ewéko kéékèèké tí ojú kò lè rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń mú kí omi ní àwọ̀ ewé. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ń ràn, wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ sínú omi. Lóru, àwọn náà ń bá ẹja pín in. Nítorí náà, ìdájí ni afẹ́fẹ́ máa ń dín kù jù lọ. Bí ìgbẹ́ adìẹ àti oúnjẹ àjẹkù bá pọ̀ jù, ewéko á pọ̀ jù, ìdọ̀tí á jẹrà, afẹ́fẹ́ á tán. Ẹja àrọ̀ lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ ìta. Epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Létí odò Ouémé, ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń gbẹ́ whédo. Odò á kún, á gbé ẹja wọ inú kòtò. Ṣùgbọ́n nínú adágún ọ̀sìn, àwa la kó ẹja síbẹ̀, àwa la ń bọ́ wọn. Àwa náà ló yẹ ká ṣọ́ omi wọn.

Báwo la ṣe ń dán omi wò?

1. Ẹ lọ síbẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Bí ẹja bá ń yanu lójú omi, afẹ́fẹ́ kò tó.

2. Ẹ wá igi gígùn kan. Ẹ kan ìdérí agolo funfun mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ fi rúlà sàmì sí igi náà, láti ìdérí lọ sókè. Tí oòrùn bá wà lókè, ẹ rọra ri í sínú omi títí ẹ kò fi ní rí ìdérí mọ́. Ẹ ka iye sàǹtímítà tó wọ omi.

- 30 sí 45: ó dára.
- Kò tó 20: ewu wà.
- Ó ju 60 lọ: oúnjẹ kò pọ̀ nínú omi.

Bí ó bá jẹ́ pé amọ̀ ló ba omi jẹ́, ẹ má fi ìdánwò yìí ṣèdájọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ẹ kọ ọ́ sínú kayé

Ẹ máa wọn omi ní àkókò kan náà. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

| Ọjọ́ | Ẹja ní ìdájí | Igi | Ohun tí a fi sínú omi |
|---|---|---|---|
| Ajé | kò yanu | 38 | ìgbẹ́ adìẹ, apẹ̀rẹ̀ 1 |
| Ọjọ́rú | kò yanu | 31 | ìgbẹ́ adìẹ, apẹ̀rẹ̀ 1 |
| Ẹtì | díẹ̀ ń yanu | 22 | kò sí |

Ní ọjọ́rú, 31 ṣì dára. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ á ní kò séwu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kayé á rí i pé nọ́mbà ń wálẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kí la máa ṣe?

Bí nọ́mbà bá ń wálẹ̀, ẹ dá ìgbẹ́ adìẹ dúró, ẹ dín oúnjẹ kù. Bí ẹja bá ń yanu, ẹ má fún wọn lóúnjẹ rárá. Ẹ jẹ́ kí omi ìsàlẹ̀ jáde díẹ̀, kí ẹ sì fi omi tuntun sí i. Bí omi tuntun kò bá sí, ẹ máa fi garawa bu omi adágún náà, kí ẹ máa dà á padà láti òkè.

Bàbá yẹn ti ní kayé báyìí. Ó sì ti lọ bẹ aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jíròrò

1. Kí ló dé tí ẹja fi máa ń kú ní ìdájí?
2. Kí ni kayé lè fi hàn wá tí ojú nìkan kò lè rí?