Yàrá Tó Mọ́lẹ̀ Nínú Eré, Tó Ṣókùnkùn Nílé

Ó kù díẹ̀ kí màmá mi ṣubú ní alẹ́ ọjọ́ tí a kun pálọ̀ wa tán. Wọ́n fẹsẹ̀ kọ àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà láàárín pálọ̀ àti ibi ìjẹun. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀yìn àga tí wọ́n tètè dì mú. Ọ̀dà aláwọ̀ aró la fi kun gbogbo ògiri, gílóòbù kan ṣoṣo la sì so mọ́ àárín àjà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ mi obìnrin ṣe ṣe é nínú House Flipper.

“Ṣùgbọ́n, Mọ́mì, ó mọ́lẹ̀ kedere nínú eré o.”

Kò parọ́. Èmi náà rí i lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Pólándì ni wọ́n ti ṣe House Flipper, ó jáde ní ọdún 2018, èkejì rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 2023. Ẹni tó ń ṣe é yóò ra ilé àpatì, yóò gbá a mọ́, yóò kùn ún, yóò to àga sí i, yóò sì tà á. N kò bá irú eré bẹ́ẹ̀ jà, nítorí inú rẹ̀ ni ọmọ mi ti kọ́ bí a ṣe ń wo ààyè kí a tó ra bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni mo ń bá a fà.

Nínú ilé gidi, ìmọ́lẹ̀ kì í dúró sí ibi tó kọ́kọ́ bà. Yóò ti inú gílóòbù lu ògiri, ògiri yóò dá díẹ̀ padà sí àjà, àjà yóò dá tirẹ̀ sí ilẹ̀. Òun ni abẹ́ tábìlì kì í fi í dúdú bí òru. Ògiri funfun a máa dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà. Ògiri aláwọ̀ aró a gbé e mì. Kọ̀ǹpútà lè ṣírò ìrìnàjò yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni fún ẹ̀rọ. Bí ilé inú eré kò bá ní í yí padà, àwọn tó ṣe é lè ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí ẹni tó ń ṣeré ti lè wó ògiri nígbà tó bá wù ú ńkọ́? Ọgbọ́n tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n da ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ káàkiri yàrá, èyí tí kò ti inú iná kankan wá. Ọ̀pọ̀ eré sì tún máa ń ṣe bíi kámẹ́rà fóònù: bí ibì kan bá ṣókùnkùn, yóò mú àwòrán náà mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ojú màmá mi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń dàgbà, ihò dúdú àárín ẹyinjú kì í là tó ti ìgbà èwe mọ́, awò inú rẹ̀ a sì máa di aláwọ̀ ìyeyè. Ẹni ọgọ́ta ọdún lè nílò ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ tí ẹni ogún ọdún ń lò. Kò sí ìyá àgbà nínú House Flipper tí ọmọ mi ń ṣe.

A tún pálọ̀ náà kùn. Ògiri kan ṣoṣo la fi aró sílẹ̀ fún, nítorí ọmọ náà bẹ̀ wá. Ìyókù àti àjà di funfun. Nígbà tí ẹ bá ń ra gílóòbù, ẹ wo iye lumen tó wà lára páálí rẹ̀. LED tó ní 800 lumen ń tàn tó gílóòbù àtijọ́ oní 60 wọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 8 sí 10 ló ń jẹ, bátìrì sólà kò sì ní í kérora. Nọ́ńbà tó ní K lára ń sọ àwọ̀ rẹ̀: 2700 pọ́n bíi ti àtùpà, 6500 funfun bí ọ̀sán. Mẹ́ta la rà, a pín wọn ká pálọ̀, a sì fi kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn.

Màmá mi ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa kékeré yẹn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.