Mítà Tí A Fi Ń Yẹ Iná Wò

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni ó jókòó síwájú yín láti sọ̀rọ̀ nípa ohun èlò àwọn oníṣẹ́ iná. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé mi débẹ̀: iná. Iná ni a fi ń se ọbẹ̀, iná ni a ń tàn sí yàrá, iná náà ni ó sì ń gba inú wáyà kọjá. Èyí tó fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mítà kékeré tí mo mú dání yìí kò mọ ohun tí ń jẹ́ iná. (Kì í ṣe mítà ara ògiri tí a ń ra káàdì sí ni mo ń wí o.) Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń dáhùn, ẹni tí kò bá sì mọ èyí tí òun ń bi í lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a fi omi ẹ̀rọ ṣe àpẹẹrẹ. Agbára tí ó ń ti omi láti inú táńkì wá sísàlẹ̀ ni fólítì. Bí omi tí ó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó ni áńpíà. Bí páìpù ṣe há tó, tí ó fi ń dènà omi, ni óòmù. Orúkọ ènìyàn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Volta ará Ítálì, Ampère ará Faransé, àti Ohm ará Jámánì. Ní 1923, Donald Macadie, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí kan, nítorí pé gbígbé oríṣiríṣi mítà kiri ti sú u. AVO ni wọ́n pè é, láti ara lẹ́tà tí orúkọ ìwọ̀n wọ̀nyí fi bẹ̀rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wá bá mi dé Ìgándò, ní Alímọ̀ṣọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí gbogbo ilé tan ohun gbogbo, gílóòbù á máa pọ́n bí àtùpà elépo. Àwọn ènìyàn á ní, “Hàáfù kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n fún wa.” Kọ́rẹ́ǹtì, ẹ rántí, áńpíà ni, bẹ́ẹ̀ fólítì gan-an ni ó lọ sílẹ̀. Iná ilé ní Nàìjíríà yẹ kí ó jẹ́ fólítì 230. Bí mítà bá kà 160, ẹ̀rọ inú fíríìjì kò ní lágbára láti yí. Yóò máa kùn lójú kan, yóò sì máa fa áńpíà tí ó ju èyí tí ó ń fà nígbà tí ó bá ń yí dáadáa lọ, títí yóò fi gbóná jó. Ẹ ò rí i pé kọ́rẹ́ǹtì tí a pè ní àbọ̀ ni ó pọ̀ jù tí ó sì ba ẹ̀rọ jẹ́! Ẹni tí ó bá fi mítà wo fólítì kí ó tó tan fíríìjì ti kó ara rẹ̀ yọ.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. Bí wáyà níútírà bá já lórí òpó, ilé kan lè gba fólítì tí ó ju 300 lọ nígbà tí ti aládùúgbò rẹ̀ ń kú lọ. Bí iná yín bá ń mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ti ẹnìkejì sì ń ṣókùnkùn, ẹ pa swíìṣì ńlá, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe àwọn tí ń pín iná.

Bí ẹ bá dé Alaba láti rà á, ẹ má ṣe jẹ́ kí iye nǹkan tí ó wà lójú mítà tàn yín. Ẹ wá èyí tí a kọ CAT III àti 600V sí lára, tí okùn rẹ̀ nípọn, tí ọ̀pá rẹ̀ sì ní ìdènà tí kò ní jẹ́ kí ìka yọ̀ lọ sórí irin. Ẹ ní kí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fíúsì onígíláàsì tíńtín ni ó wà níbẹ̀, mo rò pé kí ẹ dá a padà, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sí i lára.

Okùn dúdú máa ń wà lójú ihò COM, pupa lójú ihò V. Iná ilé, ẹ yí i sí V tí ó ní àmì ìgbì omi. Ti ọkọ̀, V tí ó ní ìlà títọ́. Ibí ni ikú wà: ẹni tí ó bá fi ti ọkọ̀ yẹ iná ilé wò yóò rí òdo, tàbí ohun tí ó sún mọ́ ọn, yóò rò pé wáyà ti kú, yóò sì dì í mú. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dán mítà wò níbi tí ẹ mọ̀ pé iná wà, kí ẹ yẹ wáyà náà wò, kí ẹ sì tún padà síbi àkọ́kọ́. Tí ẹ bá fẹ́ wọn óòmù, ẹ pa iná pátápátá. Bí ẹ bá sì wọn áńpíà tán, kíá ni kí ẹ yọ okùn pupa kúrò nínú ihò rẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ẹ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, bí ìgbà tí ẹ so wáyà méjèèjì pọ̀ ni, yóò sì bú gbàmù.

Ti ọkọ̀ rọrùn jù. Ọ̀rẹ́ mi kan ra bátìrì tuntun méjì láàárín oṣù díẹ̀, nítorí pé rewáyà ní bátìrì ni ó kú. Bátìrì tí ó kún, tí ó sinmi mọ́jú, yóò fi nǹkan bí 12.6 hàn, bí ó bá kù sí 12.2, ó ti tó àbọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń wà láàárín 13.8 sí 14.4. Ti ọ̀rẹ́ mi dúró sí 12.3, ó sì ń lọ sílẹ̀. Alternator rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Àwọn rewáyà kan a máa yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi mọ èyí. Ẹ má ṣe gbà fún wọn, nítorí pé fólítì lè fò sókè lójijì kí ó ba kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣíwájú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ẹ lè pe fólítì ní agbára ìtì, áńpíà ní ìṣàn, óòmù ní ìdènà. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò léwu. Ẹ wọ̀n ọ́n bí ó ti wà, tuntun yóò lé díẹ̀ ní 1.5. Lẹ́yìn náà, ẹ so gílóòbù kékeré mọ́ ọn, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ sì bi àwọn ọmọ pé kí ni ìdí rẹ̀ tí ó fi lọ sílẹ̀.