Ẹ Dá Ìbòrí Ayùn Padà Sí Ààyè Rẹ̀

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ káfíńtà ló jẹ́ àgbẹ̀ pẹ̀lú. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọn a mú ọkọ́ lọ kọ ebè iṣu. Bí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́, wọn a padà sídìí pákó, wọn a kan ilẹ̀kùn, àga àti ibùsùn. Ọwọ́ tó ń di ọkọ́ mú náà ló ń ti pákó sẹ́nu ayùn. Bí ìka bá gé, iṣẹ́ méjèèjì ló bàjẹ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Láyé àtijọ́, ayùn ọwọ́ ni à ń lò. Lónìí, ayùn onítábìlì ti wà. Tábìlì irin ni. Ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ rẹ̀, ayùn roboto sì yọ orí jáde láàárín rẹ̀. Ó ń la ìrókò, ó ń la apá, ó ń la tíìkì. Ó wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín pákó àti ìka ènìyàn.

Àwọn ohun kan wà lára ayùn yìí tó ń ṣọ́ ọwọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kí a sì wo ìdí tí a fi ń yọ wọ́n kúrò.

Báwo ni ayùn ṣe ń yára tó?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká mú ayùn kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Ó ní eyín 40. Ó ń yí ní ìgbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ti yí ní ìgbà 50. Ìgbà 50 lọ́nà 40 jẹ́ 2000. Eyín 2000 ló ń kọjá níwájú ọwọ́ yín kí ẹ tó pe orúkọ ara yín tán.

Bí nǹkan bá ta ènìyàn lọ́wọ́, ó máa ń tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó fa ọwọ́ padà. Láàárín ìgbà yẹn, eyín 400 ti kọjá. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ayùn lọ. Ọ̀gá tó ti ṣe iṣẹ́ fún ogún ọdún kò yá jù ú lọ. Ìṣọ́ra dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí a nílò ni ohun tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ débẹ̀ rárá.

Ohun márùn-ún tó ń ṣọ́ ọwọ́

1. Ìbòrí. Òun ló bo ayùn lórí. Bí pákó bá ń bọ̀, ìbòrí a gbéra díẹ̀. Bí pákó bá kọjá tán, a sọ̀ kalẹ̀ padà. Kì í jẹ́ kí ọwọ́ kan eyín ayùn. Kì í sì jẹ́ kí ẹ̀rún igi fò sí wa lójú.

2. Ọ̀bẹ ẹ̀yìn. Irin pẹlẹbẹ kan ni, ó dúró gangan lẹ́yìn ayùn. Bí ẹ bá lọ rà á ní Kútọnu, orúkọ tí àwọn olùtajà ń pè é ní èdè Faransé ni couteau diviseur. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí: eyín iwájú ayùn ń tẹ pákó mọ́ tábìlì, ṣùgbọ́n eyín ẹ̀yìn ń gòkè bọ̀. Bí pákó kò bá gbẹ dáadáa, ojú ibi tí a là a máa pa dé, a sì fún ayùn mọ́ àárín. Eyín ẹ̀yìn a gbé pákó náà, a jù ú lu ikùn ẹni tó ń ti í. Ọwọ́ tó di pákó mú lè bá a lọ sẹ́nu ayùn. Ọ̀bẹ ẹ̀yìn kì í jẹ́ kí ojú náà pa dé. Kí ó nípọn ju ara ayùn lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má nípọn tó ojú tí eyín ayùn ń là. Kí àlàfo tó wà láàárín òun àti ayùn má ju mìlímítà 8 lọ.

3. Irin atọ́nà. Òun ni pákó ń fara tì bí ó ti ń lọ. Kí ó gún régé, kí ó sì bá ayùn dọ́gba láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ó bá fún lẹ́yìn, òun náà yóò ti pákó mọ́ ayùn, pákó yóò sì ta padà.

4. Ọ̀pá ìtì. Bí pákó bá ku sẹ̀ǹtímítà 30 kí ó tán, kí ọwọ́ kúrò, kí ọ̀pá wọlé. Ẹ lè fi àjákù pákó gbẹ́ ẹ. Kò ná yín ní fàráǹkì kan. Ẹ so ó kọ́ ara tábìlì, kí ó má baà sọnù. Bí ayùn bá gé ọ̀pá, ẹ gbẹ́ òmíràn.

5. Bọ́tìnnì. Kí bọ́tìnnì ìdádúró wà níbi tí ọwọ́ tàbí orúnkún lè tètè kàn. Ohun mìíràn tún wà. Gbogbo wa mọ̀ pé iná máa ń lọ, ó sì máa ń dé láìròtẹ́lẹ̀. Ká sọ pé iná lọ nígbà tí pákó wà lẹ́nu ayùn. Ọmọ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá lẹ́búlẹ́bú igi kúrò. Iná dé. Bí ó bá jẹ́ bọ́tìnnì tí a fi ń tan iná ilé ni, ayùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójijì. Bọ́tìnnì tó yẹ fún ayùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá dé, kò ní ṣiṣẹ́ títí ènìyàn yóò fi tún un tẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń ṣe iná fún yín nípa rẹ̀.

Kí ló dé tí a fi ń yọ ìbòrí?

Àwọn káfíńtà kì í yọ ìbòrí nítorí pé wọn kò fẹ́ràn ìka wọn. Ó ní ìdí.

Àwọn kan ní ìbòrí kò jẹ́ kí wọ́n rí ìlà tí wọ́n fà. Ẹ wọn ìwọ̀n láti ara irin atọ́nà kí ẹ tó tan ayùn. Bí atọ́nà bá ti gún, kò sí ìdí láti máa yọjú wo ìlà.

Àwọn mìíràn ní pákó tí wọ́n fẹ́ là tínrín jù, ọ̀pá ìtì kò gba àárín ìbòrí àti atọ́nà. Ẹ jẹ́ kí apá tó fẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ atọ́nà, kí èyí tó tínrín bọ́ sí òdìkejì ayùn.

Ìgbà mìíràn, ihò gbọọrọ ni a fẹ́ gbẹ́ sára pákó, ayùn kò ní là á já. Irú ìbòrí mìíràn kò gba èyí. A ní láti yọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. A yọ ìbòrí lọ́jọ́ Ajé, a ní a ó dá a padà bí iṣẹ́ bá tán. Oṣù mẹ́ta kọjá, ìbòrí ṣì wà ní igun ilé, adìyẹ ń sùn lé e. Ẹ jẹ́ kí ó di òfin níbi iṣẹ́ yín: ẹni tó yọ ìbòrí ni yóò dá a padà, kí ẹnikẹ́ni tó la pákó mìíràn.

Àwọn ayùn kan wà tí ajórin ìlú ṣe, tí kò ní ìbòrí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kó pákó ọ̀bẹ ẹ̀yìn àti ìbòrí fún ajórin kí ó wò, kí ó fi irin ṣe wọ́n. Lọ́dún 1963, ìpàdé àjọ iṣẹ́ àgbáyé ní Jẹ̀nẹ́fà ṣe àdéhùn pé kí a má ṣe ta ẹ̀rọ tí ibi eléwu rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, òfin iṣẹ́ nọ́ḿbà 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1998 sọ pé ọ̀gá ní láti dáàbò bo ẹ̀mí àti ìlera àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Ayùn tó ń dá ara rẹ̀ dúró

Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1999, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Steve Gass ronú irú ayùn mìíràn. Iná kékeré kan ń sáré lára ayùn náà. Bí ìka bá kàn án, ara ènìyàn a fa díẹ̀ nínú iná náà, ẹ̀rọ a sì mọ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, irin kan a ta sáàárín eyín ayùn, ayùn a dúró gbọin. Kò tó ìdá 5 nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú ìṣirò wa, eyín tó kọjá kò ju mẹ́wàá lọ. Ọgbẹ́ kékeré ni yóò kù, ìka kò ní já. Gass fi sọ́sèèjì dán an wò lójú àwọn ènìyàn. Ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, wọ́n pè é ní SawStop.

Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, irin náà àti ayùn ti bàjẹ́, a ní láti ra tuntun. Pákó tútù lè tàn án jẹ, nítorí omi ń gbé iná. Kò sì lè dá pákó tó ta padà dúró. Nítorí náà, ayùn yẹn pàápàá nílò ìbòrí àti ọ̀bẹ ẹ̀yìn. Amẹ́ríkà ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ní ọdún 2015, ó ju 30,000 ènìyàn tí ayùn onítábìlì ṣe léṣe tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn níbẹ̀. Ohun tó wà lára ayùn wa, tí a bá lò ó, sàn ju ohun olówó ńlá tí kò sí lọ́wọ́ wa.

Kí ẹ tó tan ayùn

Ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè. Ẹ bọ́ òrùka. Ẹ má ṣe wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ayùn lè fà á, kí ó sì fa ọwọ́ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe dúró tààrà lẹ́yìn pákó, ẹ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọmọdé sídìí ayùn.

Bí ayùn bá gé ènìyàn

Ẹ pa ayùn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gidigidi, kí ẹ sì gbé ọwọ́ náà sókè. Ẹ má ṣe da epo, kẹrosíìnì tàbí ewé gígún sí i. Bí ìka bá já, ẹ má ṣe jù ú nù. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a fi omi rẹ díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà sínú omi tó ní yìnyín. Kí yìnyín má kan ìka náà fúnra rẹ̀. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ni yóò sọ bóyá ó ṣeé lẹ̀ padà. Ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ tétánọ́ọ̀sì pẹ̀lú, àrùn tó ń mú kí àgbọ̀n le, tó sì ń pa ènìyàn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló ń mú kí pákó ta padà?
2. Ẹ wo ayùn tó wà ní àdúgbò yín. Èwo ló kù nínú ohun márùn-ún yẹn? Níbo ni èyí tí a yọ wà?
3. Ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ náà ní bẹ́líìtì. Ṣé ìbòrí wà lórí rẹ̀? Ta ni yóò dá a padà?