Póíǹtì Òtẹ́ẹ̀lì, láti Kàbà dé Etí Òkun

Póíǹtì òtẹ́ẹ̀lì ni iye tí àwọn iléeṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá máa ń kọ sílẹ̀ fún oníbàárà wọn nígbàkúùgbà tí ó bá sùn sí ọ̀dọ̀ wọn tí ó sì sanwó, èyí tí oníbàárà náà lè kó jọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó gba yàrá ní ọjọ́ mìíràn láìsan kọ́bọ̀ lórí yàrá náà. Ó lè dà bí ẹni pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò kan ìlú Kàbà àti ilẹ̀ Okun lápapọ̀, níwọ̀n ìgbà tí òkun jìnnà sí wọn, tí kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí láti Ìjùmú dé Yàgbà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́tipẹ́ ni ilẹ̀ Okun. Ọdún 1991 kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní oṣù Kejìlá, tí ìpàdé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé tó ń dúró de ìbuwọ́lù ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ará Kàbà gba Lọ́kọ́ja kọjá lọ sí Àbújá. Ẹni tó ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún tí kò sì forúkọ sílẹ̀ ń fi ohun tó lè gbé òun àti ìdílé rẹ̀ lọ gba atẹ́gùn etí òkun sílẹ̀ lórí káńtà.

Ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni àwọn onílé ìtura ti kọ́ àṣà yìí. Ní ọdún 1981 ni American Airlines bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń ka máìlì tí èrò fò, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Holiday Inn àti Marriott gbé tiwọn kalẹ̀, Hilton sì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1987. Ọdún 1987 yẹn gan-an ni òtẹ́ẹ̀lì Hilton ti Àbújá ṣílẹ̀kùn, èyí tí wọ́n ń pè ní NICON Noga Hilton nígbà náà tí ó sì ti di Transcorp Hilton báyìí. Marriott ní tirẹ̀ ra iléeṣẹ́ Protea ti Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2014, ó ra Starwood tó ni orúkọ Sheraton ní ọdún 2016, ó sì kó gbogbo ètò póíǹtì wọn sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Bonvoy, ní ọdún 2019. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún arìnrìn-àjò ni pé àkáǹtì kan náà ni póíǹtì ẹni tó sùn ní Sheraton Ìkẹjà, tó sì tún sùn ní Protea ní Victoria Island ń wọ̀, tí ó sì lè fi àpapọ̀ rẹ̀ gba yàrá ní èyíkéyìí nínú wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀ yẹ ní àlàyé tó kún, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti yàtọ̀ sí ti ará Amẹ́ríkà. Ní ọ̀pọ̀ jùlọ òtẹ́ẹ̀lì Marriott àti Hilton, póíǹtì mẹ́wàá ni wọ́n ń fún oníbàárà lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ó ná sórí yàrá, láìka owó orí mọ́ ọn. Náírà ni òtẹ́ẹ̀lì Àbújá ń gbà lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ náírà náà di dọ́là kí wọ́n tó ka póíǹtì. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 470 náírà ní báǹkì, tó fi jẹ́ pé yàrá tó jẹ́ 100,000 náírà yóò mú póíǹtì tó lé ní 2,100 wá. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ, tí dọ́là kan ti di nǹkan bí 1,500 náírà, iye owó kan náà kò lè mú ju nǹkan bí 660 wá mọ́. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé òtẹ́ẹ̀lì ń rẹ́ òun jẹ, bẹ́ẹ̀ náírà ló wó lulẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ kì í rò. Póíǹtì tí ẹnì kan ti kó jọ kí náírà tó já wálẹ̀ kò bá náírà já, nítorí a kì í ka póíǹtì sí náírà mọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti wọ àkáǹtì. Òṣìṣẹ́ tó ní póíǹtì 20,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí kò sì fọwọ́ kàn án ṣì ní 20,000 ní ọdún 2024, nígbà tí náírà tó fi sí báǹkì ní àkókò kan náà ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ níwájú dọ́là. Èyí kò wá sọ póíǹtì di ibi ìfowópamọ́. Iléeṣẹ́ tó ń fúnni ni ó ń pinnu iye póíǹtì tí yàrá yóò jẹ, ó sì lè fi kún un nígbà tó bá wù ú láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Marriott ní àtẹ kan tẹ́lẹ̀ tó ń fi iye póíǹtì tí òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń gbà hàn, ṣùgbọ́n ní ọdún 2022 ni ó pa àtẹ náà tì, tí iye náà sì ń lọ sókè sódò bí èrò bá ṣe pọ̀ sí. Àǹfààní tó wà nínú póíǹtì ni pé kí èèyàn ná an. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ dé ọjọ́ ogbó ń tọ́jú ohun tí ẹlòmíràn lè gé kúrú.

Ìbéèrè kan wà tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, pàápàá ní ilẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí: ta ló ni póíǹtì nígbà tí ó jẹ́ pé owó ìjọba tàbí owó iléeṣẹ́ ni wọ́n fi san yàrá? Àwọn orílẹ̀-èdè kò dáhùn rẹ̀ bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ìparí ọdún 2001 gba òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láyè láti fi máìlì àti ẹ̀bùn irú bẹ́ẹ̀ tó rí lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ohun tó wù ú. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, ní ọdún 2002, ariwo ńlá sọ nígbà tí ó hàn pé àwọn olóṣèlú kan fi máìlì tí wọ́n rí nínú ìrìn-àjò iṣẹ́ rin ìrìn-àjò tara wọn, Gregor Gysi sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìjọba ìlú Berlin lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ti Nàìjíríà, àfikún karùn-ún òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti gba àǹfààní èyíkéyìí fún ara rẹ̀ nítorí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ póíǹtì. Nítorí náà, ohun tó bójú mu ni kí òṣìṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má sì ṣe torí póíǹtì yan òtẹ́ẹ̀lì tó wọ́n ju èyí tí iṣẹ́ náà nílò lọ. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé olùṣètò ìpàdé ló san owó yàrá gbogbo èrò papọ̀, àlejò kọ̀ọ̀kan kì í sábà rí póíǹtì gbà lórí irú yàrá bẹ́ẹ̀. Owó tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ san, yálà fún òwò, fún ìgbéyàwó ẹbí tàbí fún ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn Àbújá, ni kò ní àríyànjiyàn nínú.

Bí póíǹtì bá wá tó ná, ibo ni ó lè gbé ará Kàbà dé? Omi tó sún mọ́ ọn jù ni ti Lọ́kọ́ja, níbi tí Confluence Beach Hotel wà létí odò, nítòsí ibi tí Ọya àti Benue ti pàdé. Ibẹ̀ dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí odò ni, kò sì sí lábẹ́ Marriott tàbí Hilton, owó lásán ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Òkun fúnra rẹ̀ di Èkó, èyí tí ọkọ̀ láti Kàbà lè gba Ọ̀mùò, Àkúrẹ́ àti Ọ̀rẹ́ lọ, ìrìn-àjò ọjọ́ kan gbáko tí kò yẹ kí ilẹ̀ ṣú bá èèyàn lójú ọ̀nà rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Ní Èkó, Four Points by Sheraton tó wà ní Oniru wà lára àwọn tó ń gba póíǹtì Bonvoy tí kò jìnnà sí iyanrìn. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ ìròyìn Landmark Beach tó wà ní àdúgbò yẹn kí ó mọ̀ pé ní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tó wà níbẹ̀ láti la ọ̀nà Èkó sí Calabar kọjá. Radisson Blu tó wà ní Ozumba Mbadiwe lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sà ló kọjú sí, kì í ṣe òkun.

Òótọ́ tó yẹ kí oǹkàwé mọ̀ ni pé àwọn ibi tí iyanrìn ti mọ́ jù ní etí òkun ilẹ̀ Yorùbá kò sí lábẹ́ ètò póíǹtì kankan nínú àwọn tí a dárúkọ. La Campagne Tropicana tó wà ní Ìkẹ́gun ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, tí Wanle Akinboboye dá sílẹ̀, dá dúró láyè ara rẹ̀. Bákan náà ni àwọn ilé ìgbafẹ́ ọ̀nà Àgbádárìgì. Iléeṣẹ́ òyìnbó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì síbi tí oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ epo ń sùn ní ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe síbi tí ìdílé ti ń lúwẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí èèyàn fi póíǹtì gba yàrá ní Victoria Island, kí ó sì fi owó tó ṣẹ́kù wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay ní ọjọ́ Sátidé, tàbí kí ó san owó àbáwọlé ilé ìgbafẹ́ etí òkun fún ọjọ́ kan.

Ẹni tí ó lè fi ọjọ́ kan kún un lè ronú nípa Kútọnu. Iléeṣẹ́ Accor ti Faransé ní Novotel níbẹ̀, ètò póíǹtì Accor sì rọrùn láti lóye ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà lọ, nítorí pé póíǹtì 2,000 ń yọ yúrò 40 kúrò nínú owó tí àlejò jẹ. Láti Kútọnu, nǹkan bí 40 kìlómítà ni Ouidah, ìlú etí òkun tí wọ́n ti kó àìmọye ẹrú sọdá, tí ọmọ Yorùbá kò ṣàìsí lára wọn, tí ẹnu ọ̀nà ìrántí wọn sì dúró lórí iyanrìn níbẹ̀. Hilton wà ní ìlú Santa Maria ní erékùṣù Sal ní Cape Verde pẹ̀lú, létí òkun gidi, àdéhùn ECOWAS sì jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà lè dé ibẹ̀ láìgba físà, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ òfuurufú ibẹ̀ kò bá ìsinmi òru méjì mu rárá.

Ní ti bí a ṣe ń ná an, ìṣirò kékeré kan tó. Kí arìnrìn-àjò wo iye owó yàrá ní ọjọ́ tó fẹ́ lọ, kí ó wo iye póíǹtì tí wọ́n ń béèrè fún yàrá kan náà, kí ó sì fi èkejì pín èkíní. Bí yàrá bá jẹ́ 180,000 náírà tí póíǹtì rẹ̀ sì jẹ́ 15,000, póíǹtì kan ti di náírà 12. Bí òtẹ́ẹ̀lì mìíràn bá ń fún un ní náírà 7 péré lórí póíǹtì kan, owó ni kí ó san níbẹ̀, kí ó gbé póíǹtì pamọ́ de ibi tó sàn jù. Oṣù Kejìlá ni èyí máa ń yàtọ̀ jù ní Èkó, nígbà tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun bá ti dé tí ohun gbogbo sì gbówó lérí. Ẹ̀bùn òru karùn-ún ọ̀fẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ kan ń polówó kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ sùn láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Àìkú.

Bí póíǹtì ẹnì kan kò bá tó, Hilton gbà kí èèyàn tó tó mọ́kànlá da tiwọn pọ̀ láìsan nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn alájọ ṣe ń dá owó kí ọ̀kan nínú wọn lè rí towó ṣe. Ìdílé tó ní àwọn ọmọ ní Maryland tàbí ní London lè jàǹfààní jù níbí. Ọmọ tó ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì nítorí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ń kó póíǹtì jọ lórí dọ́là tàbí pọ́n-ùn gidi, ó sì lè fi gba yàrá ní Èkó fún ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Kàbà wá ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà ní ọ́fíìsì Amẹ́ríkà tó wà ní Walter Carrington Crescent ní Victoria Island. Ìyá náà yóò sinmi dáadáa mọ́jú ọjọ́ náà, òkun kò sì jìnnà síbẹ̀ bó bá fẹ́ dé etí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ewu méjì ló yẹ kí a ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́ ni pé bí oṣù mẹ́rìnlélógún bá kọjá láìsí pé póíǹtì wọlé tàbí jáde, gbogbo rẹ̀ di òfo ní Marriott àti Hilton. Èkejì ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018 ni Marriott kéde pé wọ́n ti jí ìsọfúnni àràádọ́ta ọ̀kẹ́ àlejò kó nínú àkọsílẹ̀ Starwood, títí kan nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 18.4 pọ́n-ùn lé e ní ọdún 2020. Pásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì póíǹtì kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti báǹkì.

Ẹni tó ní ìrìn-àjò Àbújá nílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tó bá dé káńtà òtẹ́ẹ̀lì. Kí ó ti forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ láti Kàbà, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Kí ó gba yàrá tààrà lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì, nítorí póíǹtì kì í sábà wọlé lórí yàrá tí a gbà lọ́wọ́ alágbàtà. Kí ó sì wo rìsíìtì rẹ̀ dáadáa bóyá nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kì í sábà ka òru tí èèyàn ti sùn kí ó tó forúkọ sílẹ̀.