Ìjọra Kì í Ṣe Ìbámu: Yíyan Ẹ̀yà Arọ́pò fún Ìbọn Enfield

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìdí tí ẹ̀yà ìbọn méjì fi lè jọra bí ìbejì, síbẹ̀ tí ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Ìbọn Enfield ti 1853 ni àpẹẹrẹ wa. Orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́, ìwọ̀n ẹnu wọn (ínṣì 0.577) sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a rà láti Amẹ́ríkà ni ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Enfield wá fi ń ṣe tirẹ̀, tí ẹ̀yà ọ̀kan fi ń wọ inú òmíràn wẹ́kú. Ní Birmingham, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, kálukú pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Nítorí náà, ní ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861 sí 1865), ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀yà tó ṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ bèèrè ibi tí a ti ṣe ìbọn náà. Orúkọ kò tó.

Láti 1866 ni wọ́n ti ń gé ìdí ọ̀pá ìbọn yìí, tí wọ́n ń fi ìdí Snider tó ṣeé ṣí rọ́pò rẹ̀. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ le sí: ìdí ni agbára ẹ̀tù ń tì; bí kò bá bámu, ojú ayìnbọn ni iná yóò fẹ́ sí.

Èkìtì Parapọ̀ lo Snider ní ogun Kírìjì (1877 sí 1893). Alágbẹ̀dẹ wa lè rẹ́ ẹ̀yà ṣakabùlà títí yóò fi wọlé. Ti Snider ńkọ́? Lójú tèmi, kí a tó ka iye ìbọn tó dé ojú ogun, ó yẹ kí a bèèrè iye tí a lè tún ṣe níbẹ̀.